Tábìlì Eré Ogun Nínú Ilé: Pákó Kékeré Mẹ́fà Sàn Ju Tábìlì Ńlá Kan Lọ

Tábìlì eré ogun àkọ́kọ́ tí mo kàn, orí àtẹ̀gùn ló ti parí ayé rẹ̀. MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tó nípọn tó mìlímítà 18 ni mo fi ṣe é, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, mo tún wá fi igi ṣe férémù sí i lábẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti kàn án. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi gbé e wọlé, a gbé e dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí kọ́nà, ó bá há. Kò lọ sókè, kò bọ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi yọjú láti òkè, ó wò wá títí, ó ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi téèpù wọn gbogbo ayé, ẹ ò wọn àtẹ̀gùn?" Ayùn ló yọ wá.

Ilé àyágbé la wà nígbà yẹn ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti gbé irú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀ mọ bí àtẹ̀gùn wọn ṣe ń há mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣíwọ́ tábìlì ńlá. Pákó kéékèèké mẹ́fà ni mo ń kàn báyìí, tí wọ́n ń so mọ́ra bí eré bá yá, tí wọ́n sì ń wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù bí eré bá tán. Bí mo ṣe ń kàn wọ́n ni mo fẹ́ sọ.

Fún ẹni tí eré yìí bá ṣàjèjì sí: ọmọ-ogun kéékèèké ni à ń lò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ju nǹkan bí mìlímítà 28 sí 35 lọ ní gíga. Ẹni tó ni wọ́n ló máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí á sì kùn wọ́n fúnra rẹ̀. Ẹni méjì á to ogun wọn sórí tábìlì, wọ́n á máa fi téèpù wọn ibi tí ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan lè rìn dé, wọ́n á sì máa ju dáìsì láti mọ ẹni tó yìnbọn bá ẹnì kejì. Kì í ṣe bí ayò tàbí dráfù tí ojú ọpọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ojú ogun gan-an lẹ óò kọ́: òkè, igbó, àlàpà, odò. Nottingham yìí náà ni oríkò Games Workshop wà, àwọn tó ń ṣe Warhammer, nítorí náà ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ tí kò tíì kó sínú eré yìí, ó ń sá fún un ni.

Ọ̀rọ̀ pákó kéékèèké yìí kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Lọ́dún 1812, Georg Leopold von Reisswitz, ará Prussia (ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́), ṣe tábìlì eré ogun kan fún ọba wọn, Friedrich Wilhelm III. Tábìlì náà ní dúróà, inú dúróà ni wọ́n ń kó àwọn ege ilẹ̀ sí: ege odò, ege ọ̀nà, ege òkè, tí wọ́n á wá tò ó bí ó bá ṣe wù wọ́n. Nígbà tó fi máa di 1913 tí H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé òfin eré ogun tirẹ̀ jáde, ilẹ̀ yàrá ni òun ń tẹ́ ọmọ-ogun sí, òun àti àwọn àlejò rẹ̀ á wá máa rákò. Orúnkún tiwa ò lè gba ìyẹn mọ́. Ti Reisswitz ni kí á tẹ̀ lé.

Ẹ mọ eré tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ra igi

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eré kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n pápá tirẹ̀, íǹṣì ni gbogbo wọn sì fi ń kà á. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6 × 4 ni gbogbo ayé ń lò fún Warhammer 40,000. Láti 2020 ni ìwé òfin ti sọ ọ́ di íǹṣì 44 × 60 fún eré tó gba pọ́íǹtì 2,000 (pọ́íǹtì ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ogun ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó). Age of Sigmar náà ti bá a dọ́gba. Combat Patrol, tó jẹ́ eré kékeré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, íǹṣì 44 × 30 ni tirẹ̀. Kill Team, tí ọmọ-ogun rẹ̀ kì í pọ̀ rárá, gba nǹkan bí íǹṣì 22 × 30. Èyí tó tóbi jù nínú Warhammer 40,000 gba íǹṣì 44 × 90.

Ẹ tún àwọn iye yẹn wò dáadáa. Pákó kan tó jẹ́ 22 × 30 á gba Kill Team. Bí ẹ bá so méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gígùn wọn, 44 × 30 dé. Mẹ́rin á di 44 × 60. Mẹ́fà á di 44 × 90 géérégé. Ìwọ̀n pákó kan ṣoṣo ló ń bọ́ eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ tí mo fi bébà ṣírò rẹ̀ tán, mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún bínú sí ara mi nítorí MDF tí mo ti fi ayùn gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Èyí tó tún dùn jù ni pé pákó plywood odindi kan, tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 8 × 4, tó sì jẹ́ mìlímítà 2,440 × 1,220, á gé sí mẹ́fà nínú irú pákó yìí. Íǹṣì 22 jẹ́ mìlímítà 559. Méjì rẹ̀ jẹ́ 1,118, ó wọ inú 1,220. Íǹṣì 30 jẹ́ mìlímítà 762. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 2,286, ó wọ inú 2,440. Èyí tó ṣẹ́kù létí, ẹ má jù ú nù, a máa lò ó.

Bí ó bá jẹ́ The Old World tàbí Bolt Action lẹ fẹ́ràn, ẹsẹ̀ bàtà 6 × 4 ṣì ni tiwọn. Pákó onígun mẹ́rin tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 × 2 ni kí ẹ gé, mẹ́fà ló ń kún pápá. Plywood kan á bí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹnu ayùn ń jẹ nǹkan bí mìlímítà 3 nígbàkúùgbà tó bá kọjá, nítorí náà ẹ gé wọn sí 607, ẹ má lé 610 kiri. Gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ bá tiyín náà mu.

Igi rírà

Plywood mìlímítà 9 ni kí ẹ rà. MDF dán, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wúwo, bí omi bá sì kàn án létí, á wú bí búrẹ́dì inú tíì. Ojú pákó yìí máa mu gọ́ọ̀mù olómi àti ọ̀dà olómi kó tó tán, ibẹ̀ ni MDF ti máa ń dójú ti èèyàn. Tábìlì mi tó há sórí àtẹ̀gùn, nǹkan bí 30 kílò ni pákó orí rẹ̀ nìkan. Pákó kékeré kan nínú plywood, pẹ̀lú férémù rẹ̀, kò ju nǹkan bí kílò mẹ́rin lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á gbé e.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ pákó náà sókè déédéé ojú, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo etí rẹ̀ lọ gbọọrọ bí káfíńtà. Bí ó bá tẹ̀ bí ọrun, ẹ dá a padà sórí àtẹ, kí ẹ fa òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé férémù á nà án. Férémù á tẹ̀ lé e ni.

Ẹ ra igi tẹ́ẹ́rẹ́ fún férémù, èyí tó jẹ́ bíi mìlímítà 20 × 45. Pákó kan á jẹ nǹkan bíi mítà mẹ́ta àti díẹ̀, nítorí náà ẹ wá mítà 20 fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, Bódìjà n'Íbàdàn kò ní kọ yín lẹ́yìn, íǹṣì ni wọ́n á fi sọ bó ṣe nípọn fún yín. Tiyín ní ìṣòro kan tí tiwa ò ní: ikán. Ẹ fi ọ̀dà olóró kun ìsàlẹ̀ férémù, ẹ má sì fi pákó ti ara ògiri ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Gígé

Ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ ti ra plywood gé e fún yín bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gé e ní 762 lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹ̀gbẹ́ gígùn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi 559 sí ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì yí i padà títí ègé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi kọjá. Ìdí nìyí: kí pákó mẹ́fà bára dọ́gba ṣe pàtàkì ju kí ìkọ̀ọ̀kan pé géérégé lọ. Bí gbogbo wọn bá dín ní mìlímítà kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí ọ̀kan bá dín tí márùn-ún pé, àlàfo á ṣí láàárín pápá, ẹsẹ̀ ọmọ-ogun á sì máa há síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi téèpù wọn láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kí ẹ tún wọn kejì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 945. Bí wọ́n bá fi ju mìlímítà 2 lọ yàtọ̀ síra, pákó náà wọ́, ẹ fi sánpépà tàbí plane bá a wí. Ìbòmú ni o, bí ẹ bá ń fi sánpépà họ igi. Eruku igi kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú.

Ẹ kọ lẹ́tà A dé F sí ìsàlẹ̀ wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ojú méjèèjì, ẹ mú èyí tó dára jù fún òkè, kí ẹ sì fi máàkà kọ "ÒKÈ" síbẹ̀ gàdàgbà. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, nítorí láti ojú òkè yìí la ó ti máa wọn gbogbo nǹkan tó kù.

Férémù

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà máa dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí mìlímítà 45 jẹ́ gíga. Bó bá sùn, kò ní lágbára, kò sì ní sí ibi tí a máa lu ihò sí. Méjì gígùn, méjì kúkúrú, ọ̀kan sí àárín. Ẹ jẹ́ kí ìta férémù bá etí plywood dọ́gba, ẹ fi ìka pá a: bí férémù bá yọ síta, pákó méjì kò ní pàdé lókè; bí ó bá wọlé jù, bolt á máa fà wọ́n sínú bí a bá ń dè é, etí wọn á sì máa gbé sókè.

Gọ́ọ̀mù igi kọ́kọ́, skúrù lẹ́yìn náà. Skúrù mìlímítà 30, láti ojú òkè wọ inú férémù, ẹ fi drill kékeré lu ọ̀nà fún un kí igi má baà là. Kí orí skúrù rì díẹ̀, ẹ óò fi filler dí i. Bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ tán lọ́jọ́ kejì, skúrù ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mọ́.

Ihò tó so wọ́n pọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá sáré níbí, á fi ọdún mẹ́ta bú ara rẹ̀.

Bolt M6 (tó nípọn tó mìlímítà 6), tó gùn tó mìlímítà 60, ni a máa lò, pẹ̀lú wáṣà àti nut elétí méjì tí ọwọ́ lásán lè yí. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pákó máa ní ihò méjì. Ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí igun tó sún mọ́ ọn ní mìlímítà 150, kó sì wà ní mìlímítà 30 sísàlẹ̀ láti ojú òkè. Nítorí pé a wọ̀n láti igun méjèèjì, ihò á bára mu bí ẹ bá tilẹ̀ yí pákó padà, ẹ̀gbẹ́ gígùn èyíkéyìí á bá ẹ̀gbẹ́ gígùn èyíkéyìí mu, kúkúrú á bá kúkúrú mu. Pákó tó jẹ́ igun ogun lónìí lè di àárín ogun lọ́la.

Ẹ má fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ihò 48 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ á gbọ̀n, ojú á rẹ̀. Ẹ fi èyí tó ṣẹ́kù nínú plywood ṣe atọ́nà kan: ègé pákó kan tó gùn tó mìlímítà 200, tí ẹ lu ihò kan sí ní 150 àti 30, tí ẹ wá kan igi tín-ín-rín mọ́ òkè rẹ̀ àti orí rẹ̀ kó lè kọ́ orí pákó àti igun rẹ̀. Kí igi tín-ín-rín náà yọ sí iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí bí ẹ bá dé igun òdìkejì, ẹ óò yí atọ́nà náà kó kọ ẹ̀yìn síwájú. Ẹ gbé e kọ́ igun, ẹ fi kíláǹpù dì í, ẹ lu ihò. Ẹ gbé e lọ sí igun tó kàn. Bí atọ́nà yín bá tilẹ̀ fi mìlímítà kan ṣì, gbogbo ihò ló máa ṣì bákan náà, wọn ò sì ní mọ̀ pé àwọn ṣì.

Mìlímítà 7 ni kí ẹ lu ihò, kì í ṣe 6. Mìlímítà kan tó ṣẹ́kù yẹn ni ẹ óò fi tún un ṣe: ẹ ki bolt bọ̀ ọ́, ẹ yí nut díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé, ẹ ti èyí tó rélẹ̀ sókè títí ọwọ́ kò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́, kí ẹ tó wá dè é pa. Mo ti lu ihò 6 rí nítorí pé mo rò pé èyí tó fún ló dára. Hámà ni mo fi ń ki bolt bọ̀ ọ́ títí mo fi fi wọ́n sílẹ̀.

Ohun tó máa gbé wọn dúró

Bí ẹ bá ní tábìlì oúnjẹ, ẹ ti parí. Tábìlì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 á gbé pápá tó fẹ̀ tó 112; á yọ síta sẹ̀ǹtímítà 11 lápá kọ̀ọ̀kan, kò léwu. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ rọ́bà olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sínú dúróà, kó má baà yọ̀, kí ojú tábìlì ìyá ilé má sì bó. Ọwọ́ ò ní lè dé abẹ́ láti yí nut níbẹ̀, nítorí náà ẹ kàn ki bolt bọ ihò láìsí nut, kó yọrí bí èèkàn, kí ẹ ti pákó kejì wọ̀ ọ́. Rọ́bà á di ìyókù mú.

Bí kò bá sí, ẹ ra ẹsẹ̀ onígi méjì tó ń ká, irú èyí tí àwọn akùnlé ń to pákó lé. Ẹ gbé wọn jìnnà síra bíi mítà kan, ẹ na igi gbọọrọ méjì lé wọn, kí ẹ wá to pákó lé igi. Níbí, ẹ lo nut, ẹ dè é dáadáa.

Gíga tábìlì oúnjẹ sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75. Ìjókòó ló bá a mu. Ṣùgbọ́n eré ogun wákàtí mẹ́ta, ìdúró ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìtẹríba sì ń pa ẹ̀yìn. Sẹ̀ǹtímítà 90, bíi ti kọ́ńtà ilé ìdáná níhìn-ín, ni mo fẹ́ràn. Ti ìbú, ẹ má jẹ́ kó kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4 láéláé, bí ààyè bá tilẹ̀ wà. Nínú pápá 44, àárín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 sí ọ̀dọ̀ yín, ọwọ́ àgbàlagbà á dé ibẹ̀. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, àyà yín á máa gbá ọmọ-ogun ẹ̀gbẹ́ lulẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ti àárín. Ẹni tó bá wọ agbádá wá láti òde, kó bọ́ ọ kọ́.

Ojú ilẹ̀

Ẹ kun abẹ́ kí ẹ tó kun òkè. Mo mọ̀ pé abẹ́ ò dùn ún kùn, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ṣùgbọ́n igi tí ẹ fi omi kùn lójú kan ṣoṣo á ká kò: ojú tó mu omi á wú, ojú tó gbẹ ò ní wú, pákó á wá tẹ̀ bí àwo. Tábìlì mi kejì (bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ti àtẹ̀gùn nìkan) tẹ̀ débi pé dáìsì ń yí padà sí àárín fúnra rẹ̀. Ọ̀dà kan lábẹ́, ọ̀dà kan létí, kó gbẹ, kí ẹ tó fọwọ́ kan òkè.

Fún òkè, ẹ wá iyanrìn tó kúnná, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé láti fi ṣeré, kó gbẹ ṣáká. Ti iyanrìn tí wọ́n fi ń mọ bíríkì ò dáa: ọmọ-ogun á máa mì lórí rẹ̀, á sì máa họ ọ̀dà ìdí wọn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ gọ́ọ̀mù funfun PVA tí ẹ bu omi díẹ̀ sí, ẹ má fẹ̀ ẹ́ kárí pákó lẹ́ẹ̀kan, nítorí á gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́ta. Ẹ fi ajọ̀ yọ iyanrìn sí i bí ẹni ń yọ gààrí, kó bò ó pátápátá, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé pákó dúró, ẹ lù ú lẹ́yìn kí èyí tí kò lẹ̀ já bọ́, ẹ kó o jọ, ó ṣì wúlò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ po PVA àti omi ní déédéé, ẹ kán ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan tàbí méjì sí i kó lè wọ inú iyanrìn dípò kó máa yí lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ẹ fi fọ́n ojú gbogbo. Ẹni tó bá fo ibí yìí, láàárín oṣù méjì, iyanrìn á wà nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ọ̀dà ògiri lásán ló tó, kì í ṣe ọ̀dà olówó iyebíye tí a fi ń kun ọmọ-ogun. Ẹ wo ìdí àwọn ọmọ-ogun yín, àwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ kùn síbẹ̀ ni kí ẹ mú lọ bá ọlọ́dà kó fi bá yín po. Èyí tó ṣú jù ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹ fi ọ̀pọ̀ kùn ún kó wọ kọ̀rọ̀. Bó bá gbẹ, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹ ti orí rẹ̀ bọ ọ̀dà tó mọ́ díẹ̀ jù ú lọ, ẹ nu ún sára bébà títí yóò fi dà bí ẹni pé kò sí ọ̀dà níbẹ̀ mọ́, kí ẹ wá gbá a fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ sórí iyanrìn. Orí iyanrìn nìkan ló máa mú un. Ẹ tún fi èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe é, ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti máa ń jí. Ẹ kun pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ kan náà láti inú ike kan náà. Ẹni tó bá kun mẹ́rin lónìí, tó wá po òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ á dà bí ṣòkòtò alábùlẹ̀.

Koríko àtọwọ́dá, èyí tó jẹ́ mìlímítà 2, ẹ fi sí ibìkan níhìn-ín, ibìkan lọ́hùn-ún. Ẹ má jẹ́ kó kan etí pákó. Ẹ fi íǹṣì méjì etí gbogbo sílẹ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ, bákan náà, nítorí bí koríko tàbí ọ̀nà bá dé etí, ọ̀nà ẹyọ kan ṣoṣo ni pákó náà á lè gbà tò mọ́, gbogbo wàhálà ihò tí ẹ lù á sì di asán.

Fáníìṣì tí kì í dán ló gbẹ̀yìn. Ti agolo tí à ń fọ́n, ẹ má fọ́n ọn ní ọjọ́ òjò tàbí òtútù oṣù kìíní. Á funfun bí èéfín sórí iṣẹ́ yín. Èyí tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ò níyọnu.

Ẹlòmíràn ò ní fẹ́ gbogbo èyí, á ra ẹní rọ́bà tí wọ́n ti tẹ àwòrán ilẹ̀ sí lójú, á tẹ́ ẹ lé pákó. Kò burú. Ó dákẹ́ rọ́rọ́ bí a bá ju dáìsì, ó sì ń ká. Ilẹ̀ tí ọwọ́ ẹni ṣe kàn dùn mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Etí tí kì í jẹ́ kí nǹkan já bọ́

Ihò tó wà ní ìta pápá kò níṣẹ́ ní àkókò eré. Ẹ fún un níṣẹ́. Ẹ gé èyí tó ṣẹ́kù nínú plywood sí ọ̀já tó ga tó mìlímítà 65, ẹ lu ihò sí i ní mìlímítà 40 láti òkè rẹ̀ kó bá ihò pákó mu, ẹ fi bolt dè é mọ́ ìta kó yọ sókè ju ojú pápá lọ ní nǹkan bí mìlímítà 10. Ó tó láti dá dáìsì dúró. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, téèpù ò ní sùn dáadáa, ẹ óò sì máa jiyàn lórí ìdajì íǹṣì.

Àlàpà, òkè àti ohun tó ń dí ojú

Pápá tó tẹ́jú lásán, ìbọn ọ̀nà jíjìn ló máa pa gbogbo èèyàn níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Àlàpà ló ń sọ ọ́ di eré. Ẹ fi fóòmù XPS ṣe é, fóòmù líle aláwọ̀ búlúù tàbí píǹkì tí wọ́n ń tà fún ògiri ilé. Funfun oníhóró yẹn ń ya yẹ́búyẹ́bú. Ọ̀bẹ mímú gan-an ni kí ẹ fi gé e. Bí ẹ bá fẹ́ lo wáyà gbígbóná, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, èéfín rẹ̀ ò ṣeé fà símú. Ẹ má sì fọ́n ọ̀dà agolo sí i ní ìhòòhò. Ohun tó wà nínú ọ̀dà náà á jẹ fóòmù bí ìgbà tí ikán jẹ ìwé. PVA pọ̀ mọ́ ọ̀dà dúdú ni kí ẹ fi bò ó kọ́kọ́.

Ìdí àlàpà tó jẹ́ íǹṣì 6 × 4, àti òmíràn tó jẹ́ 12 × 6, ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ́dọ̀ mi. Kí ògiri wọn ga tó íǹṣì 5, kó yí igun méjì bí lẹ́tà L, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ní fèrèsé, kí ọmọ-ogun lè sápamọ́ lóòótọ́. Òkè gbọ́dọ̀ ní pẹpẹ: òkè tó dagun bí òkè gidi lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọmọ-ogun á máa yí láti orí rẹ̀ bí ọsàn. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ gbé ọkọ̀ ogun yín tó tóbi jù wá, ẹ wọ́ ọ gba àárín gbogbo wọn kọjá. Mo ti kọ́ ìlú kan rí tó lẹ́wà débi pé tánkì kankan ò lè wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá ojú tábìlì dọ́gba, láti ìdí ogun yín. Bí ẹ bá ṣì ń rí ìdí ogun ẹnì kejì láìsí ìdíwọ́ láti àárín, ẹ fi àlàpà kan sí i. Ẹ lọ sí òdìkejì, ẹ tún wò ó.

Iná àti ìtọ́jú

Iná funfun bíi ti ọ̀sán, nǹkan bí Kelvin 4,000 sí 5,000 (ìwọ̀n àwọ̀ iná tí wọ́n ń kọ sára páálí gílóòbù), láti ibi méjì kí òjìji orí yín má bo pápá. Ó tán.

Pákó kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 àti ààbọ̀. Ẹ dojú wọn kọra ní méjì méjì, fi fóòmù pẹlẹbẹ sáàárín, kí ẹ gbé wọn dúró lórí ẹ̀gbẹ́ gígùn. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò jẹ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n má fara ti ẹ̀rọ amóoru, ibẹ̀ ni igi ti ń gbẹ tó sì ń là.

Ẹ da iyanrìn sórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ kùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú lẹ nǹkan mọ́ ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ẹ ṣeré bí ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin lórí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ óò mọ ohun tí pápá yín ń fẹ́. Mo gbẹ́ odò sínú ìkarùn-ún mi, inú mi sì dùn sí i. Ìkẹfà ni mo fi sílẹ̀ láìda iyanrìn sí, ní ìlòdì sí ìmọ̀ràn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yín, torí pé ìyàwó mi rí i pé ó tẹ́jú, ó sì dọ́gba, orí rẹ̀ ló ń gé aṣọ báyìí. Nígbàkúùgbà tí mo bá béèrè rẹ̀, á ní ogun ò tíì dé ìlú yẹn.